Háídírọ́líìkì tó ń gbé jíìpù sókè àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀: èwo ló bá ìrìn yín mu?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbéèrè yìí máa ń gbà dé bá àwọn tó ń wa jíìpù lórí àpáta, nínú yanrìn àti lójú ọ̀nà oníkòtò. Àwọn kan fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù tó bá háídírọ́líìkì wá láti iléeṣẹ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé yóò kó wọn sí gbèsè. Àwọn mìíràn ti ní irú ọkọ̀ náà, ó ti ń jò, mẹkáníìkì sì ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tú gbogbo rẹ̀ dànù kí òun fi ṣọ́ọ̀kì lásán rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ni àwọn tí ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ wọn ti kú, tí wọ́n wá ń wo oríṣiríṣi tó wà lọ́jà, tí owó ọ̀kan fi ìlọ́po-ìlọ́po ju ti èkejì lọ, tí ẹni tó ń tà á sì ń búra pé kò sí èyí tí kò dára níbẹ̀.

Kí n tètè sọ èrò tèmi: ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra ṣọ́ọ̀kì tó ju ohun tí ọkọ̀ wọn nílò lọ, ọ̀pọ̀ ló sì ń yọ háídírọ́líìkì tí ìtọ́jú díẹ̀ ì bá ti gbà là.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe iṣẹ́ wo lábẹ́ ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Síríńgì ló ń ru ọkọ̀, yálà èyí tó lọ́ yípo ni o, tàbí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra. Ṣọ́ọ̀kì kì í ru ẹrù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú kí síríńgì yé fò: pisitínì inú rẹ̀ á máa ti òróró gba ihò tóóró kọjá, agbára ìfò náà á di ooru, ooru á sì gba ara agolo rẹ̀ jáde. Ẹni tí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń wọlẹ̀ nígbà tó bá kó ẹrù, tó wá lọ ra ṣọ́ọ̀kì olówó ńlá, oògùn àìsàn ẹlòmíràn ló rà. Síríńgì ló yẹ kó rà. Háídírọ́líìkì tó ń gbé ọkọ̀ sókè nìkan ló da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, torí òróró inú rẹ̀ ń bá síríńgì ru ọkọ̀, ó sì tún ń pa ìfò.

Nítorí náà, ẹrù ni ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín léèrè. Ṣé ìwọ̀n tí ọkọ̀ yín ń rù kì í yí padà, bí àpẹẹrẹ ọkọ̀ tí bọ́ńpà irin, wíǹṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀) àti àgọ́ orí rẹ̀ ti di ara rẹ̀? Àbí lónìí ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú rẹ̀, lọ́la ẹ fa tirélà, ẹ kó ènìyàn mẹ́fà àti omi? Lẹ́yìn ìyẹn, eré. Ẹni tó ń rọra gun àpáta kì í mú ṣọ́ọ̀kì gbóná. Ẹni tó ń sáré fún wákàtí kan lójú ọ̀nà tó rí wínníwínní bí páànù ilé ni yóò mọ ohun tí ooru ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni gíga: ṣé gbogbo ìgbà lẹ fẹ́ kí ọkọ̀ ga, àbí nígbà tí òkúta bá wà níwájú nìkan? Ẹ̀kẹrin ni ibi tó ti máa bàjẹ́ àti ẹni tó máa tún un ṣe níbẹ̀. Owó wá gbẹ̀yìn, kì í sì í ṣe owó tí ẹ fi rà á nìkan, bí kò ṣe gbogbo ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi ta ọkọ̀ náà.

Háídírọ́líìkì tó ń yí gíga padà

Citroën ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ DS jáde ní 1955: bọ́ọ̀lù irin tí gáàsì naitirójìn wà nínú rẹ̀ dípò síríńgì, pọ́ǹpù tó ń ti òróró, àti ọwọ́ kan tí awakọ̀ fi ń gbé ọkọ̀ sókè sódò. Láàárín àwọn jíìpù, Toyota ló mú un pẹ́ jù. Active Height Control ni wọ́n pe tiwọn, AHC ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Ó wà lára àwọn kan nínú Land Cruiser 100 àti Lexus LX 470 láti 1998, LX 570 jogún rẹ̀, LX 600 náà sì ní in.

AHC náà ní bọ́ọ̀lù irin onínaitirójìn, ṣùgbọ́n kò yọ síríńgì kúrò. Nínú Land Cruiser 100 àti LX 470, torsion bar, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń lọ́ dípò kó fò, ló wà níwájú, síríńgì tó lọ́ yípo sì wà lẹ́yìn. Òróró ló ń ru ìyókù. Kọ̀ǹpútà ń wo sẹ́ńsọ̀ gíga, ó ń pàṣẹ fún pọ́ǹpù, ó sì tún ń yí bí òróró ṣe ń gba ihò kọjá padà, kí ọkọ̀ lè le nígbà tó bá ń yí kọ́nà, kó sì rọ̀ nígbà tí ọ̀nà bá burú. Ẹ tẹ súwíìṣì, ọkọ̀ á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ga sí i. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀ kí àgbàlagbà lè wọlé láìfò. Ẹ kó ẹrù sí ẹ̀yìn, á gbé ẹ̀yìn padà sí ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn ṣọ́ọ̀kì tí a ó sọ̀rọ̀ wọn nísàlẹ̀ tó lè ṣe èyí tó kẹ́yìn yìí, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Àmọ́ gíga yẹn ní ohun tó ń gbà. Tí ọkọ̀ bá wà ní ipò òkè pátápátá, ìnà tó kù fún táyà láti sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kò pọ̀ mọ́, torí náà ọkọ̀ á máa ta ènìyàn gbọ̀ngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò ní jẹ́ kí ẹ sáré níbẹ̀; tí eré bá ti kọjá ìwọ̀n kan, á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ọkọ̀ tó ga láràárọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni kí ẹ gun òkúta kọjá, kí ẹ sì padà sí ipò àárín.

Ní ti ìbàjẹ́, àwọn bọ́ọ̀lù irin ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Naitirójìn á máa rọra gba ara awọ rọ́bà inú wọn jò lọ ní ọdún dé ọdún, awakọ̀ kò sì ní mọ̀, torí ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń le díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá yá ọkọ̀ náà wà ló máa kọ́kọ́ sọ pé, “Ẹ̀yìn mi ń dùn mí.” Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣí ilé ẹ́ńjìnnì, ẹ wo agolo òróró AHC nígbà tí ọkọ̀ wà ní ipò òkè, kí ẹ tún wò ó nígbà tó wà ní ipò ìsàlẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá ṣì kún fún naitirójìn, ìyàtọ̀ ipele òróró náà máa ń pọ̀ dáadáa. Tí ìyàtọ̀ náà bá ti di táńtínní, wọ́n ti kú nìyẹn. Lẹ́yìn wọn, àwọn páìpù tó gba abẹ́ ṣásì lè dípẹtà títí wọn á fi lu, apá sẹ́ńsọ̀ gíga lè gan mọ́ inú ẹrẹ̀, òróró náà sì máa ń di dúdú tí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wò. Síríńgì tó wà níbẹ̀ náà ń rẹ̀. Bó bá ti rẹ̀, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í ru ìpín tirẹ̀ àti ìpín síríńgì, ìfúnpọ̀ òróró inú páìpù á pọ̀ jù, ọkọ̀ á le, bọ́ọ̀lù á sì tètè kú. Wọ́n á pààrọ̀ bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ á tún le lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, olówó á wá bínú, á ní kí wọ́n tú u dànù. Ọ̀rọ̀ kan náà ló kan ẹni tó gbé bọ́ńpà irin àti wíǹṣì sí iwájú láìyí torsion bar mọ́lẹ̀ sí i. Kí ẹ tó dá AHC lẹ́jọ́ ikú, ẹ ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wo bí ìfúnpọ̀ òróró rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n fi torsion bar tàbí síríńgì tó le díẹ̀ gba ẹrù kúrò lórí òróró, kí wọ́n pààrọ̀ òróró, kí ẹ sì tún wà á wò.

Àwọn mìíràn wà tí agbára wọn ju èyí lọ. Mercedes ní E-Active Body Control lára GLE tó jáde ní 2019 àti GLS, tó lè máa fò sókè sódò láti fi ara rẹ̀ yọ nínú yanrìn. Yangwang U8 ti iléeṣẹ́ BYD ní Ṣáínà náà ń lo háídírọ́líìkì tí wọ́n pè ní DiSus-P. Ohun ìyanu ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá wọn lọ sí ibi tó jìnnà sí iléeṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò sí mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó máa fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má sì ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti Range Rover tó ń fi afẹ́fẹ́ inú rọ́bà gbé ọkọ̀. Àìsàn ìyẹn yàtọ̀ sí ti òróró.

KDSS, tí wọ́n sábà ń ṣì mú fún AHC

Ọ̀pọ̀ ló ń rí háídírọ́líìkì lábẹ́ Lexus GX tàbí Land Cruiser 200 tí wọ́n rò pé ó ń gbé ọkọ̀ sókè. Rárá. KDSS (Kinetic Dynamic Suspension System) ti Toyota kì í gbé ohunkóhun sókè, kò sì ní pọ́ǹpù. Kinetic, iléeṣẹ́ kan ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà tí Tenneco rà ní 1999, ni èrò náà ti wá. Ọ̀pá stabilizer, ìyẹn irin tó so apá òsì mọ́ apá ọ̀tún lábẹ́ ọkọ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ni wọ́n fi sílíńdà àti páìpù òróró so pọ̀. Lójú ọ̀nà ọlọ́dà, òróró kò ní ibi tó ń lọ, ọ̀pá á mú ọkọ̀ dúró kó má tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà. Tí táyà iwájú ọ̀tún bá gòkè tí ti ẹ̀yìn ọ̀tún sì sọ̀ kalẹ̀, òróró á ṣàn, ọ̀pá á tú sílẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì fọwọ́ kan ilẹ̀.

Nítorí pé kò kan ṣọ́ọ̀kì, ẹ lè fi ṣọ́ọ̀kì èyíkéyìí sí ọkọ̀ tó ní in. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tú u dànù. Ẹ kàn rántí pé ẹni tó bá ń pààrọ̀ síríńgì gbọ́dọ̀ ṣí àwọn fáàfù rẹ̀ kí òróró lè dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ lè tẹ̀ sí apá kan. Fáàfù wọ̀nyẹn sì máa ń dípẹtà mọ́ ibi tí wọ́n wà. Ẹ fín oògùn ìpẹtà sí wọn ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, ẹ má sì ṣe fipá yí wọn, torí tí orí wọn bá ṣẹ́, owó ńlá ti wọlé nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀kì tí kò ní ohun tí a ń yí

Mẹ́ta ni wọ́n pín sí. Oníhò méjì ni àkọ́kọ́: agolo kan nínú òmíràn, òróró àti naitirójìn díẹ̀. Nitrocharger ti Old Man Emu, tí ARB ní Ọsirélíà ń tà, wà nínú irú èyí. Ó rọ̀ lára, owó rẹ̀ kò ga, tí òkúta bá sì fọ́ ara rẹ̀ wọlé díẹ̀, á ṣì máa ṣiṣẹ́ torí agolo inú ni pisitínì ń gbà. Àléébù rẹ̀ ni ooru: agolo òde bo èyí tó ń gbóná mọ́lẹ̀, tí eré bá sì pẹ́, òróró á dà pọ̀ mọ́ gáàsì, á di fóòmù, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó.

Oníhò kan, tí agolo rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ni èkejì. Bilstein ní Jámánì ló kọ́kọ́ ń ṣe é lọ́pọ̀ fún Mercedes-Benz, ní 1957. Pisitínì kan ló ya naitirójìn alágbára sọ́tọ̀ kúrò lára òróró, torí náà kò rọrùn kí fóòmù wà níbẹ̀, ooru sì ń gba ara rẹ̀ jáde tààrà. Ó mú ọkọ̀ dúró dáadáa lójú ọ̀nà ọlọ́dà. Òkúta ni ọ̀tá rẹ̀: tí ara rẹ̀ bá wọlé, pisitínì á há.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń fi fóòmù líle rọ́pò gáàsì, bí èyí tí Tough Dog àti Ironman ń ṣe. Ó tóbi, òróró rẹ̀ pọ̀, ó sì dára fún píkọ́ọ̀pù tó ń ru ẹrù nígbà gbogbo. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ kò nílò rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yẹ kí wọ́n mú, kí wọ́n sì fi síríńgì tó bá ìwọ̀n ẹrù wọn mu tì í.

Ṣọ́ọ̀kì tí a lè yí, àti èyí tó ní agolo lọ́tọ̀

Rancho RS9000XL ní bọ́tìnnì tó ní ipò mẹ́sàn-án. BP-51 ti ARB jẹ́ kí ẹ yí bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fox àti King ń ta àwọn tí agolo òróró kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí ọ̀já rọ́bà so mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Òróró tó pọ̀ sí i yẹn ló ń mú kí ooru pẹ́ kó tó borí wọn. Ẹ lè tú wọn, kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì àti òróró wọn, kí ẹ tún tò wọ́n, dípò kí ẹ sọ wọ́n nù. Ìyẹn ni èrè. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣe é, ẹni tó sì máa ṣe é gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n fi ń fín naitirójìn.

Fún ẹni tó ń sáré lójú ọ̀nà búburú fún ìgbà pípẹ́, kò sí ohun tó dà bí wọn. Fún ẹni tó ń rọra rìn, ojú lásán ni agolo kejì yẹn wà fún. Bọ́tìnnì wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló yí i ní ọjọ́ tí wọ́n rà á, wọn kò sì tún dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ láti yí i mọ́. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ ó máa dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbàgbé pé yíyí i kó le kò fi kílò kan kún ohun tí ọkọ̀ lè rù.

Ó tún yẹ kí ẹ wo ohun tó bá ọkọ̀ yín wá kí ẹ tó náwó. Chevrolet Colorado ZR2 ti 2017 jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì DSSV ti Multimatic, Ford F-150 Raptor sì ti ń jáde pẹ̀lú Fox Live Valve, tí kọ̀ǹpútà ń yí fúnra rẹ̀, láti ọkọ̀ ti 2019. Ẹni tó yọ irú wọn kúrò láti fi ti ọjà sí i lè máa sanwó láti padà sẹ́yìn.

Owó tí kì í sí nínú ìwé ọjà

Àwọn tó ń ra ṣọ́ọ̀kì sábà máa ń rà á pẹ̀lú síríńgì tó ń gbé ọkọ̀ sókè bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Gíga yẹn kì í wálẹ̀ mọ́, kò sì dá wá. Ó ń yí ìdúró táyà padà, torí náà aláíńmẹ́ǹtì di dandan, àwọn ọkọ̀ kan á sì béèrè àámù òkè tuntun kí sitiarín má baà máa ṣáko lọ. CV, ìyẹn oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà, á máa ṣiṣẹ́ ní igun tó burú, okùn bíréèkì lè kúrú, iná iwájú á sì máa wo ojú àwọn tó ń bọ̀. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ kún iye tí wọ́n dá lé ṣọ́ọ̀kì kí ẹ tó sọ pé háídírọ́líìkì ló wọ́n.

Ẹni tó sì fẹ́ yọ AHC kò lè fi ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin nìkan rọ́pò rẹ̀. Síríńgì àti torsion bar inú rẹ̀ kò lágbára tó láti dá ru ọkọ̀, torí òróró ti ń bá wọn ru. Gbogbo wọn ni ẹ ó pààrọ̀, iná ìkìlọ̀ á sì máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù títí ẹ ó fi rí ẹni tó máa bá yín pa á.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ìyàtọ̀ wọn hàn gbangba. Ṣọ́ọ̀kì kan tó jò á jẹ́ kí igun ọkọ̀ kan máa fò, ẹ ó sì rọra wà á délé. Páìpù háídírọ́líìkì tó lu á mú kí ọkọ̀ wọlẹ̀, kó jókòó lé rọ́bà ìdádúró, ìrìn ọjọ́ náà sì parí síbẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ọkọ̀ yín bá ní AHC tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ẹrù yín ń yí padà, tí ẹ̀ ń lo ọ̀nà ọlọ́dà àti ọ̀nà búburú papọ̀, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sì jìnnà sí yín, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ òróró rẹ̀ kí ó tó dúdú.

Bó bá ti ń jò ní ibi púpọ̀, tí páìpù ti dípẹtà, tí bọ́ọ̀lù sì ti kú, ẹ yọ ọ́. Kí ẹ yọ ọ́ tán pátápátá, kí ẹ sì fi síríńgì tó lè ru gbogbo ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀kì oníhò kan rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ̀ ń lọ jìnnà sí ìlú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ẹrù kì í sì í yí padà, síríńgì líle àti ṣọ́ọ̀kì oníhò méjì tàbí oní-fóòmù ni, kí ẹ sì gbé ọ̀kan sí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún ìpààrọ̀.

Bí eré lójú yanrìn bá ni ayé yín, agolo lọ́tọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi owó àtúntò rẹ̀ pamọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á.

Ẹni tó ń ra Lexus LX àlòkù ńkọ́? Kó ní kí olówó rẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì, kó gbé e sókè, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó wo agolo òróró lẹ́ẹ̀mejì, kó sì wo gbogbo páìpù abẹ́ rẹ̀. Tí olówó náà bá ní kò sídìí láti ṣe bẹ́ẹ̀, kó yọ iye owó síríńgì, torsion bar àti ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú owó tó fẹ́ san.